Ọjọ́ tí Orin Irja Dákẹ́ ní Àgọ́

Ní ìlú tiwa létí Adágún Superior, tí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé ìfìwéránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bá mi gbá lẹ́tà mi jọ o, mò ń lọ sí àgọ́."

Èmi tí mo wà lẹ́yìn káńtà á kọ orúkọ wọn sílẹ̀, màá sì gbé páálí kan kalẹ̀ fún oníkálukú. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá dé fún wọn, inú páálí ló ń lọ. Ó di ìgbà tí yìnyín bá fẹ́ máa yọ́ ká tó tún fojú kan ara wa.

Ilé pákó làwọn àgọ́ wa, láàárín igbó. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbẹ̀. Ẹja ni à ń fi ìwọ̀ fà látinú ihò tá a gbẹ́ sójú adágún tó ti dì, igi là ń là, tó bá di ọ̀sán a ó dáná sáúnà, ilé ooru wa, a ó jókòó sínú èéfín omi gbígbóná títí ara á fi rọ̀. Ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kì í mọ ọjọ́ mọ́. Gbogbo nǹkan funfun, gbogbo nǹkan dákẹ́, èèyàn á kàn máa rìn nínú ọjọ́ bí ẹni tó ṣì ń sùn.

Rudy Kestila wà lára àwọn tó máa ń lọ. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì kó tó fẹ̀yìn tì. Irja ìyàwó rẹ̀, tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kú ní oṣù Kìíní èṣí.

Irja fẹ́ràn orin. Ọdún mọ́kànlá ló fi to orin mẹ́tàlélọ́gọ́ta jọ sórí fóònù rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń sanwó fún lóṣooṣù. Ó mọ ìdí tí orin kan fi ṣíwájú òmíràn. Rudy ní tiẹ̀ kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ohun tó mọ̀ ni pé tí obìnrin olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá ti kọrin tán, akọ́díọ̀nù, dùùrù tí wọ́n ń fọwọ́ fà, ló kàn, tí akọ́díọ̀nù bá sì dé ìdajì, Irja á ní kó dìde káwọn jó.

Lẹ́yìn tí Irja kú, Rudy ń gbé fóònù náà lọ sí àgọ́. Wọ́n ti gba àwọn orin náà sórí rẹ̀, wọn ò nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kí wọ́n tó dún. Lọ́sàn-án, tí sáúnà bá ti gbóná, á gbé fóònù sójú fèrèsé yàrá ìta tí wọ́n ti ń bọ́ṣọ, á wọ inú ooru, á dijú. Orin á máa wọlé bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba inú pákó. Ó sọ fún mi pé tó bá ti dé orin kẹrin báyìí, Irja kò kú mọ́. Ó wà ní yàrá ìta, ó ń wá aṣọ ìnura. Rudy kì í pè é. Ó kàn ń jẹ́ kó máa wá a.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, ó tẹ fóònù, kò dún. Ó tún un tẹ̀. Àwọn orúkọ orin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti ṣú, àwọ̀ eérú. Ó jókòó sínú ooru yẹn láìsí orin, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní yàrá ìta. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ó gba àgọ́ Wilbert Harju lọ, aládùúgbò rẹ̀ tó ń pẹja nítòsí.

"O ò sanwó ni," Wilbert wí, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ìwọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ti fẹ́ nù ún dànù nìyẹn."

"Káàdì báńkì mi ló ń san án fúnra rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án rí."

"Rudy, kí lo mọ̀ nínú ayé yìí ju kó o gbá yìnyín dí ẹnu ọ̀nà mi lọ? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!"

"Ojú títì ni wọ́n ní kí n gbá, wọn ò ní kí n gbá ẹnu ọ̀nà ẹ. Orin ni mò ń bi ẹ́."

"Ó dáa. Yọ áàpù yẹn kúrò pátápátá, kó o tún un gbé sí i. Kó o wá ṣí àkáǹtì tuntun lórúkọ ara ẹ. Bí ọmọ àbúrò mi ní ìlú Green Bay ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ṣé èyí tó fi fóònù sínú ìkòkò ìrẹsì tó ń hó?"

"Ó ní òun fẹ́ kó gbẹ ni! Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn mọ fóònù."

Rudy gun alùpùpù orí yìnyín rẹ̀ lọ sórí òkè tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe dé òkè, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún dà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ orin. Ó dún! Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, kò tíì parí tí ọkùnrin kan fi ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó ń polówó táyà mọ́tò. Lẹ́yìn táyà, orin mìíràn tí kò bá a tan. Rudy ní ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọ yàrá òun, tó ń tú ẹrù Irja kiri.

Ó pa á. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà lókè, ó gbé fóònù jìnnà sójú kó tó rí i kà: *Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, lónìí ni a ó pa gbogbo orin yín rẹ́ ní agogo márùn-ún. Ẹ tẹ líǹkì yìí, ẹ san dọ́là mọ́kàndínlógójì.*

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un. Ó fa káàdì yọ, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ kéré, awò ojú rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ní àgọ́. Agogo méjì ti lù. Kò padà lọ mú awò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ó sì sáré wá sí ìlú, ó fẹ́ wá ẹni tó máa bá òun kọ nọ́ńbà kó tó di agogo márùn-ún.

Ilé ìkàwé ló yà sí. Colleen Beaudry tó ń tọ́jú ibẹ̀ mọ fóònù dáadáa, òun sì ni gbogbo àgbà ìlú ń gbé tiwọn lọ bá. Rudy mọ̀ ọ́n láti kékeré.

"Colleen, jọ̀ọ́, tètè bá mi kọ nọ́ńbà yìí síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ pa orin Irja rẹ́."

"Ẹ jókòó ná, Ọ̀gbẹ́ni Kestila. Ẹ ò tíì kọ ohunkóhun síbẹ̀?"

"Mi ò rí i kà ni."

"A dúpẹ́ pé ẹ ò rí i kà. Áàpù yẹn ńkọ́, ẹ ò yọ ọ́ kúrò?"

"Wilbert ní kí n yọ ọ́, mi ò gbà."

"Ẹ mọ pásíwọ̀ọ̀dù ìyàwó yín?"

Rudy mi orí pé òun kò mọ̀ ọ́n.

"Ká ní ẹ yọ ọ́ ni, ì bá ti nira ká tó lè wọlé padà." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó, oníjìbìtì ló kọ èyí. Orúkọ Irja dà níbẹ̀? Kí ni ilé-iṣẹ́ orin fẹ́ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ṣe? Ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. 'Lónìí' tí wọ́n ń wí yìí, ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàlá."

"Ọjọ́ mẹ́tàlá?"

"Àwọn orin yín sì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Wọn ò mọ̀ yín rárá, bàbá. Wọ́n kàn ń fi í ránṣẹ́ káàkiri ni."

Ó ṣí ibi tí lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé fún Irja, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò láti ìgbà tó ti kú. Mẹ́ta wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ orin gan-an. Ó kà wọ́n sókè. Wọ́n kí Irja ní orúkọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn gbìyànjú láti gba owó oṣù lórí káàdì, kò bọ́ sí i, àwọn á tún gbìyànjú sí i. Ìkẹta sọ pé àwọn ti gbé e lọ sí ipò ọ̀fẹ́, pé àtòjọ orin rẹ̀ ṣì wà ní ìpamọ́.

"Tówó oṣù bá yẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń ṣe nìyẹn," Colleen wí. "Wọ́n á gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Tí kò bá bọ́ sí i, èyí tẹ́ ẹ gbà sórí fóònù á dákẹ́ tí fóònù bá ti lo oṣù kan láìrí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó máa fi mọ̀ pé ẹ sanwó, ìpolówó á bẹ̀rẹ̀, orin á máa dún láìtẹ̀lé ètò. Wọn kì í sáré pa àtòjọ yín rẹ́. Ẹ jẹ́ n rí káàdì yẹn."

Ó gbà á, ó wò ó. "Ọjọ́ lílò rẹ̀ ti parí láti ìparí oṣù Kìíní. Báńkì á ti fi tuntun ránṣẹ́ sí yín."

"Kò sóhun tó dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ta ló ń bá yín gba lẹ́tà nígbà tẹ́ ẹ wà ní àgọ́?"

Rudy dìde, ó sọdá títì wá bá mi. Kò tiẹ̀ kí mi. Mo gbé páálí rẹ̀ jáde, ó ń tú u, àpòòwé báńkì wà lábẹ́ ìwé ìpolówó ọjà.

"Láti ìgbà wo lèyí ti wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní. Ìwọ náà lo ní kí n gbá a jọ, Rudy."

Ó wò mí títí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kí ni mo lè ṣe? Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti tú lẹ́tà wò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ̀lé e.

Colleen kò fọwọ́ kan líǹkì yẹn. Inú áàpù fúnra rẹ̀ ló gbà wọlé, ó pa káàdì àtijọ́ rẹ́, ó kọ tuntun síbẹ̀. Kò pẹ́, àwọ̀ eérú ṣí kúrò lára àwọn orin, wọ́n mọ́lẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Rudy fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n padà sórí fóònù, Colleen gbé bébà àti pẹ́ńsùlù ka iwájú rẹ̀, ó yá a ní awò ojú kan nínú àpótí ohun tí àwọn èèyàn gbàgbé.

"À ń yá àwọn orin yìí gbọ́ ni, kì í ṣe tiwa. Tí ilé-iṣẹ́ yẹn bá kógbá wọlé lọ́la, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ máa wá. Màá máa pe orúkọ wọn, ẹ máa kọ ọ́."

Yìnyín ń rọ̀ lójú fèrèsé, Colleen ń pè é jẹ́jẹ́, Rudy ń kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ orúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ogójì, ó gbé pẹ́ńsùlù kalẹ̀.

"A ò kọjá ibí rí. Tá a bá ti dé orí èyí, àkọ́kọ́ la máa ń padà sí."

"Ó ku mẹ́tàlélógún, bàbá."

Wọ́n ń bá a lọ. Ọjọ́ tí Irja fi orin kọ̀ọ̀kan kún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Colleen dé èyí tó gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní, èṣí."

Èmi náà mọ ọjọ́ yẹn. Irja ti lo ọjọ́ mẹ́rin nílé ìwòsàn nígbà náà, ó ku ọjọ́ méjì kó kú.

"Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń tò ó," Rudy wí.

"Ṣé kí n fi í sí i?"

"Jẹ́ n kọ orúkọ ẹ̀ ná."

Ó kọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, ó wá gbé orí sókè. Colleen tẹ̀ ẹ́. Wáàlìsì ni, orin tí tọkọtaya máa ń dì mọ́ra jó. Àwa mẹ́ta gbọ́ ọ títí ó fi parí.

Colleen ló ní kí n kọ ìtàn yìí kí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí àgọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kò lọ síbì kankan, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára káàdì yín kí ẹ tó ní ká gbá lẹ́tà yín jọ. Tí orin yín bá dákẹ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má ṣe yọ áàpù, ẹ má ṣe ṣí àkáǹtì tuntun. Inú áàpù tàbí ojú òpó ilé-iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti yanjú ọ̀rọ̀ owó, kì í ṣe inú àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń dẹ́rù bani. Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín ní agogo márùn-ún, ẹ gbé fóònù wá fún Colleen kí ó tó lù. Tí ẹnì kan bá kú nínú ilé, ẹ bá a yẹ lẹ́tà orí fóònù rẹ̀ wò, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ràn sórí bébà.

Ká ní Rudy gbọ́rọ̀ sí Wilbert lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn ni, ì bá máa ṣọ̀fọ̀ ogójì orin títí ayé, kò sì ní mọ̀ láéláé pé Irja tún fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un.