Gbọ́lágadé Ń Wẹ̀ Lọ́wọ́

Àná ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó fún mi, ìṣojú mi ni. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Festac mọ̀ pé n kì í kọ ohun tí mi ò bá rí ẹ̀rí rẹ̀.

Àdúràolúwa lorúkọ mi. Akọ̀ròyìn aládàáni ni mí. Mo máa ń wá ìròyìn fúnra mi, kí n tó tà á fún olóòtú tó bá fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ wa tó ń gba aṣálẹ̀ àti òkun lọ sí ìlú òyìnbó ni mò ń kọ nípa wọn. Mo mọ iṣẹ́ náà. Mo ti jókòó ti ìyá tó ń sunkún, mo ti jókòó ti ọmọ tó padà dé tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rù kì í bà mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé létí òkun Tùníṣíà. Káyọ̀dé, ọmọ Amuwo tó yè é, pè mí. Ó ní òun fọwọ́ ara òun sin Gbọ́lágadé, ọ̀rẹ́ òun, ọmọ Ijegun-Egba tó ń jó irin. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ojú ẹni tó ti kú ni. Iyanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo wádìí lọ́wọ́ ẹlòmíì tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Ìyá Gbọ́lágadé ló ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ pé kí n bá òun wá ọmọ òun. Mi ò fẹ́ kó lọ kà á lórí fóònù. Mo ní màá lọ sọ fún un lójúkojú.

Òjò ti ṣú nígbà tí mo délé rẹ̀ lọ́sàn-án àná, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Obìnrin náà, Àjíkẹ́ tó ń ránṣọ, wà níwájú yàrá rẹ̀. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò ọkùnrin kan.

"Ẹ káàsán, Màámi."

"Àǹtí oníròyìn! Ẹ wá bá mi yọ̀. Gbọ́lágadé ti dé."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu dà nù.

"Gbọ́lágadé wo, mà?"

"Mélòó ni mo bí? Àárọ̀ yìí ló wọlé. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ omi. Balùwẹ̀ wọn wà lẹ́yìn ilé, páànù ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Omi ń dà. Ó dúró. Ó tún ń dà.

Mo fọkàn balẹ̀. Àárò ọmọ a máa tan ìyá jẹ. Mo gbà pé ayálégbé kan ló ń wẹ̀.

Toyibat, aládùúgbò wọn, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kọjá. Mo tẹ̀ lé e.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Bọ̀dá Gbọ́lágadé ni. Látàárọ̀ ni mo ti ń pọnmi fún wọn. Wọ́n ní iyọ̀ ò tíì tán lára àwọn."

"Ṣé o rí wọn?"

"Ọwọ́ wọn ni mo rí, nígbà tí wọ́n gba bọ́kẹ́ẹ̀tì." Ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tirẹ̀. "Ó tutù, Àǹtí. Ó tutù gan-an."

Ó gbé omi sẹ́nu ọ̀nà, ó sì yára kúrò. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi wọlé. Nígbà tí mo máa yíjú padà, bọ́kẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló dúró síta?" Ohùn ọkùnrin ni.

Mo sún mọ́ ilẹ̀kùn náà.

"Àǹtí Àdúrà ni?"

Mi ò pàdé Gbọ́lágadé rí láyé mi. Ìyá rẹ̀ pàápàá ò mọ orúkọ mi.

"Èmi ni," mo ní.

"Ẹ má tíì kọ ọ́."

Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún nílé kejì kú. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́.

Akọ̀ròyìn ni mí. Ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó, ẹni tó mọ̀dí ẹ̀ là á bi. Mo pe Káyọ̀dé.

"Káyọ̀dé, ta lo sin?"

"Gbọ́lágadé ni, Àǹtí. Mo ti sọ fún yín."

"Gbọ́ ohùn yìí." Mo na fóònù sí ilẹ̀kùn. "Gbọ́lágadé, Káyọ̀dé ló wà lórí fóònù."

Omi dúró.

"Káyọ̀, máa wọ bàtà yẹn," ohùn náà ní. "Mi ò bínú. Ọ̀nà ṣì jìn fún ẹ."

Mò ń gbọ́ èémí Káyọ̀dé.

"Àǹtí, mo bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ni, kí n tó da yanrìn bò ó. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

Ó bú sẹ́kún, ó sì pa fóònù. Títí di ìsinsìnyí, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́.

Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn páànù náà. Ìyá ọmọ ti dé ẹ̀yìn mi, ṣòkòtò tó lọ̀ wà lápá rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ ṣílẹ̀kùn lé ọkùnrin lórí níhòòhò?"

"Màámi, ṣé ẹ ti rí ojú ẹ̀?"

Ó gbé ṣòkòtò náà sí èjìká.

"Ohùn ọmọ mi ni," ó ní. "Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ má bi mí."

Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi hàn án. Mo ju fóònù sínú báàgì, mo dágbére.

Kí n tó délé, mo ti ní kí olóòtú yọ orúkọ Gbọ́lágadé kúrò nínú ìròyìn.

"Ṣé kò kú mọ́ ni?"

"Mi ò tíì lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀."

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Káyọ̀dé sin ẹlòmíì lọ́jọ́ tó sin Gbọ́lágadé: Yíwọlá, ọmọbìnrin Bàbá Àmúsà, awakọ̀ kan ní Mazamaza. Bàbá náà ti bẹ̀ mí rí pé kí n bá òun wá ọmọ òun, lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì òní ni mo sì fẹ́ lọ túfọ̀ fún un. Ìsìn ò tíì parí tó fi pè mí. Mo bọ́ síta.

"Akọ̀ròyìn, ẹ má wulẹ̀ dààmú mọ́. Yíwọlá ti dé."

"Ẹ ti rí i, sà?"

"Ó wà ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òtútù ló ń mú un. Gbogbo aṣọ ilé la ti kó fún un, kò tó."

Mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń rọra sọ̀rọ̀.

"Ó ní kẹ́ ẹ máa bọ̀," bàbá náà ní. "Ó ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá gbọ́ tòun."

Mo ti wà nínú ọkọ̀ báyìí, a ti ń sún mọ́ Mazamaza. Tí mo bá débẹ̀, màá ṣí ilẹ̀kùn.