Ajá Tí Ń Jẹ́ Ẹ̀bẹ̀lókù

Kẹrosíìnì ni mo mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Mọ́láyọ̀.

Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi ní Ìwó, mo mú kí ajá mi dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Eégbọn ti kún etí rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sínú àwo. Mo fẹ́ da kẹrosíìnì sí i, kí n tún ṣáná sí èyí tó bá ṣorí kunkun, nítorí bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àfi bí ọ̀kadà kan ṣe dúró lójijì.

"Ẹ dúró o! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fẹ́ sun ún jẹ ni?"

Mo gbójú sókè. Obìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹran ní ọ́fíìsì ìjọba, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká. Inú ti bí mi kí n tó rí i pé ó rẹwà.

"Ajá mi ni," mo ní. "Eégbọn ara rẹ̀ náà, tèmi ni."

"Ẹ kú oríire, sà. Ẹ wá jẹ́ kí n bá yín dín ẹrù yín kù."

Kò dúró gba àṣẹ. Ó kúnlẹ̀ ti ajá, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì mú ẹ̀mú kékeré kan jáde, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú.

"Ẹ wò ó. Bí ẹ bá da kẹrosíìnì sí i, tàbí ẹ fi iná jó o, ara máa ni ín, á wá bi ìdọ̀tí inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ náà. Ibi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ẹ̀mú dì mú. Kí ẹ wá fà á sókè tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má lọ́ ọ, ẹ má já a gbà. Bí ẹ bá kánjú, ikùn lẹ máa rí mú, orí á kù sínú ẹran."

Ó fà á. Eégbọn náà jáde tòun ti ẹnu rẹ̀. Ó jù ú sínú ìgò kékeré kan tó ní sipíríìtì nínú. Ajá mi, tí kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan òun, na ẹsẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ẹ̀bẹ̀lókù."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ojú mi, ó wo ilé tó wà ní òdìkejì títì, ó tún wo ajá.

"Háà! Ẹ̀yin ni Bùọ̀dá Múyìíwá. Ẹ̀yin lẹ ń fi ajá bú bàbá mi."

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Bàbá rẹ̀ ni Díákónì Jonathan Ògúnkúnlé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tísà. Òun ló kọ́ mi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ilé ìwé sọnù, ó dá mi dúró níwájú gbogbo ọmọ, ó ní èmi ni mo jí i. Nígbà tó yá, wọ́n rí bọ́ọ̀lù náà nínú kòtò ẹ̀yìn ṣáláńgá. Kò sẹ́ni tó wá kí mi ní pẹ̀lẹ́. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́, mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà.

Nígbà tí Tísà fẹ̀yìn tì, ó wá kọ́lé síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo lọ ra ajá. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìdí tí èèyàn fi ń sọ ajá rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Tísà bá ti gbé àga jáde láti gba atẹ́gùn, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá ké e síta: "Ẹ̀bẹ̀lókù! Ẹ̀bẹ̀lókù o!" Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín sínú. Tísà á gbé àga rẹ̀ wọlé.

Mi ò mọ ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí nítorí Ìbàdàn ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sílé ni.

Mo rò pé ó máa dìde kó máa lọ. Ó kàn ki ẹ̀mú sínú etí ajá padà.

"Ìjà yín kò kan eégbọn," ó ní. "Lọ́jọ́ Sátidé, màá padà wá. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ibi tó ń sùn, ẹ fọ àárín àwọn pákó yẹn náà. Ibẹ̀ lọmọ wọn wà."

Bí Sátidé ṣe di ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá, abẹ́ ìrù, abíyá, àti abẹ́ okùn ọrùn. Ó kọ́ mi pé kí n má fi èékánná pa eégbọn, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa kàn mí lọ́wọ́. Mo máa ń fá irùngbọ̀n mi kó tó dé.

"Bùọ̀dá Múyìíwá, ẹ ti fárí, ẹ ti fá àgbọ̀n. Ṣé ajá ló ní kí ẹ fá a?"

"Ojú rẹ ló ń yọ mí lẹ́nu."

"Ojú mi ò wá sọ́dọ̀ yín o. Eégbọn ni mo wá wò."

Lọ́jọ́ kan, mo ti igbó Ilé-Ogbó dé, níbi tí mo ti lọ wo igi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú omi fún un, ó ní kí n dúró bẹ́ẹ̀. Eégbọn kan ti so mọ́ mi lẹ́yìn ọrùn.

"Má mira," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè mí ní ẹ̀yin.

Èémí rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń fa eégbọn náà. Ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ó fi sipíríìtì nù ún.

"Ó ti jáde. Bí ibà bá mú ọ tàbí ara rẹ bá sú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ọsibítù ni kó o lọ, kó o sọ fún wọn pé eégbọn ló jẹ ọ́. Má mu àgbo kankan."

"Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Tún un yẹ̀ wò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Láti ọjọ́ yẹn, "Múyìí mi" ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní ẹyinjú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rán àbúrò bàbá mi, Bàbá Àyànbádéjọ, sí Tísà láti bá mi tọrọ rẹ̀. Èmi kò tẹ̀ lé e, nítorí mo ti búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilé yẹn. Mo dúró sínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń fá pákó kan náà títí ó fi tín-ín-rín.

"Tísà ò kọ̀ ọ́," Bàbá Àyànbádéjọ sọ nígbà tó dé. "Ó ní káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í ṣe àna ìtìjú. Ṣùgbọ́n kí o yí orúkọ ajá yẹn padà kó o tó wá dọ̀bálẹ̀."

"Kó kọ́kọ́ bẹ̀ mí."

"Múyìíwá! Àgbà wo ló ń bẹ ọmọdé?"

"Àgbà tó bá purọ́ mọ́ ọmọdé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Mọ́láyọ̀ sọdá wá bá mi.

"Múyìí mi, pè é ní Bíńgò. Pè é ní ohunkóhun."

"Ajá kì í jẹ́ orúkọ méjì."

"Ajá lò ń wí ni, àbí ara rẹ?"

Mo kọjú sí pákó mi. Ó sọdá padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, mo gbọ́ ohùn Tísà láti ibi tí mo dúró sí: "Èmi? Kí n bẹ ẹni tó ń fi ajá bú mi?"

Mọ́láyọ̀ jáde, ó dúró sáàárín títì. Ọ̀kadà ń fun fèrè fún un, kò yà.

"Ó dáa!" ó kígbe. "Ẹ̀yin méjèèjì bára yín mu. Ẹ fẹ́ ara yín!"

Ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlá nígbà náà. Ó ní òun máa lọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fi ẹ̀mú kékeré yẹn lé mi lọ́wọ́.

"Eégbọn ò mọ̀ pé mo lọ," ó ní. "Má pè mí. Bàbá mi náà ò gbọdọ̀ pè mí. Ó di ìgbà tí ọ̀kan nínú yín bá la ẹnu."

Ó wọ mọ́tò, kò bojú wẹ̀yìn.

Àárò rẹ̀ sọ mí. Ní Sátidé, màá jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, màá fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá ṣí ìgò sipíríìtì, òórùn ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá ti dìde kí n tó rántí. Mo máa ń ṣí nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù, màá wò ó, màá pa á dé. Ẹ̀ẹ̀rùn wá, ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, eégbọn pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ṣì ń pe ajá mi ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn mi ò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Tísà náà ṣì ń gbé àga jáde. Kì í wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ọ̀nà gáréèjì ló ń wò, níbi tí mọ́tò Òṣogbo ń gbà wọ̀lú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Mọ́láyọ̀ sáré sọdá wá bá mi.

"Múyìíwá, gbà mí! Tísà kó eégbọn bọ̀ láti oko Olúpọ̀nnà, ó ti wọ̀ ọ́ lábíyá. Ó ti mú ìṣáná, ó ní òun máa jó o. Mo pe Mọ́láyọ̀, ó ní kí n pè ọ́."

"Ó dárúkọ mi?"

"Ó ní ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ."

Orúkọ mi tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ló gbé mi sọdá títì.

Tísà jókòó lọ́ọ̀dẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló pè ọ́?"

"Ọmọ yín ni, sà."

Ó ju ìṣáná sílẹ̀. Mo ní kó gbé ọwọ́ lé orí, kó kọjú sí oòrùn. Mo fọ ọwọ́ mi, mo fi sipíríìtì nu ẹ̀mú.

"Yéè! Ó ń dùn mí!"

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn yín, sà. Ẹ má mira."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí ibi tí ẹnu eégbọn náà wà, mo dì í mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí fà á díẹ̀díẹ̀.

"Múyìíwá," Tísà sọ lójijì.

"Sà."

"Bọ́ọ̀lù yẹn..."

Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Eégbọn náà fẹ́ já.

"Ẹ má sọ̀rọ̀, sà! Orí rẹ̀ á kù síbẹ̀."

Ó dákẹ́. Eégbọn náà jáde lódindi. Mo fọ ojú ibẹ̀, mo nù ún, mo wá dúró. Mo tún ẹ̀mú nù. Mo tún ìgò dé. Mo ń retí kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"O ṣé," ó ní, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ṣé ẹ rí ayé mi? Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti kékeré dé ẹnu bàbá yìí, èmi fúnra mi ni mo ní kó pa ẹnu dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tísà gbé àga jáde. Kò jókòó. Ó rìn dé etí títì, ó gbé ohùn tó fi ń pe ọmọ ilé ìwé lórí ìlà sókè, ó ké:

"Ẹ̀bẹ̀lókù! Ẹ̀bẹ̀lókù o! Máa bọ̀!"

Àwọn aládùúgbò jáde. Kò pe orúkọ yẹn rí, àní kò jẹ́ kí wọ́n pè é nínú ilé rẹ̀. Ajá mi wo ojú mi, ó sọdá títì, ó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀. Tísà gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Mo ti pè é," ó sọ fún mi. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Mo sọdá. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, níwájú gbogbo wọn.

Mi ò tíì nu ẹrẹ̀ kúrò lára tí mo fi pe Mọ́láyọ̀.

"Ta ló la ẹnu?" ó bi mí.

"Bàbá rẹ ni. Wọ́n pe ajá."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Ẹkún ni mo gbọ́.

"Ẹ ti parí ìjà yín. Ó dáa. Èmi tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín títì ńkọ́? Ta ló bẹ̀ mí?"

Ó pa fóònù.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Tísà wọ mọ́tò kan náà lọ sí Ìlá.

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," Tísà ní kí a tó kúrò ní Òṣogbo.

"Ẹ̀yin lẹ bí i, sà."

"Ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yí orúkọ ajá."

"Wò ó, orí kunkun rẹ yìí..."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà."

Dírẹ́bà ń fi dígí wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mọ́láyọ̀ ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó dìde, ó sì fi ara dí ẹnu ọ̀nà.

"Mo ń gbọ́," ó ní.

Tísà gbójú sókè, ó ń wo páànù. Èmi ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìjà kankan rí, mo sì mọ̀ pé bàbá yìí lè dúró jù mí lọ. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé Mọ́láyọ̀ ti di ilẹ̀kùn mú láti tì í.

"Mọ́láyọ̀, jọ̀ọ́," mo ní. "Mo gbọ́ bí ọ̀kadà ṣe ń fun fèrè fún ọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò wá fà ọ́ kúrò lójú títì. Àárò rẹ ń pa mí lọ. Dákun, ẹyinjú mi, jẹ́ ká jọ máa lọ sílé."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Tísà wúkọ́. "Ohun tó sọ yẹn, tèmi náà nìyẹn."

"Rárá o, sà. Ẹ má wo ìwé ẹnìkejì yín."

Tísà ṣí fìlà.

"Ọmọ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọlẹ̀, "má bínú sí mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mọ́láyọ̀ láàárín ẹkún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wa.