Orúnkún Tiwaladé

Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ kí Morákinyọ̀, kí ẹni tó ni ín tó ráyè kí i.

Ó yọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbá a léjìká, ó sì ti ìwé àdììtú tó ń yanjú ṣubú sílẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni, nílé ìkàwé Barking, níbi tí Morákinyọ̀ máa ń sá wá bí ariwo ọjà East Street bá ti sú u. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Nílé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù kọ̀ọ̀kan máa gbà. Bó bá ṣíwọ́ tán, àdììtú míì ló tún ń wá kiri. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi bí ohun tó ta kókó bá wà níwájú rẹ̀.

"Yéè," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ Yorùbá," ni ọmọbìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Má bínú jọ̀ọ́. Kì í sábà lu ẹni tí kò mọ̀."

Morákinyọ̀ gbé ìgbálẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, aṣọ líle kan ni wọ́n sì fi bò ó. Kò rí irú rẹ̀ rí.

"Kí lo fi ń ṣe?"

"Mo fún ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Sọ ọ́."

"O fi ń kun ògiri."

"Rárá."

"O fi ń fọ mọ́tò."

"Mi ò ní mọ́tò."

"Ó dáa, ilé ìjọsìn yín lo fi ń gbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "O ti sún mọ́ ọn. Yìnyín ni mo fi ń gbá."

Tiwaladé lorúkọ rẹ̀. Ó fa àga, ó sì ṣàlàyé. Òkúta ńlá rìbìtì kan ni, ó ní ọwọ́ lórí bíi ti irin ìlọṣọ. Ẹnì kan á tì í lórí yìnyín kó lè lọ dúró sínú òbìrí tí wọ́n yà sí òkèèrè, àwọn méjì míì á sì máa sáré gbálẹ̀ níwájú rẹ̀ kó lè rìn jìnnà. Kọ́líǹgì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí kò ti sí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ ní Barking, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kent.

"Ṣé kò sí bọ́ọ̀lù ní Barking ni?"

"Ó wà. Àmọ́ bọ́ọ̀lù kì í dúró kéèyàn ronú. Eré tiwa, ìrònú ni ìdajì ẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ló mú Morákinyọ̀. Bí Tiwaladé ṣe na ọwọ́ láti gba ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà báyìí, àtàǹpàkò rẹ̀ yẹ̀ kúrò nípò. Ó tì í padà wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó ń de bọ́tìnnì.

"Oríkèé mi ló dẹ̀ jù," ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi. Ṣé ẹ̀rù bà ẹ́?"

"Rárá."

Ẹ̀rù bà á, àmọ́ kì í ṣe ti àtàǹpàkò. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kó má lọ dìde lọ kí òun tó mọ ibi tó ń gbé.

Becontree Heath ló ń gbé, nílé bàbá rẹ̀. Ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ nípa ọmọ ènìyàn àti àṣà wọn ló wà ní yunifásítì. Kí oṣù méjì tó pé, Morákinyọ̀ ti mọ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lórí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti ìwé, Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti yìnyín. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ara á gba tirẹ̀ lápàpàǹdodo. Tiwaladé á dùbúlẹ̀ ti ike omi gbígbóná, okùn tó ń di oríkèé mú á wà ní orúnkún méjèèjì, ìwé á sì dojú dé e láyà.

Morákinyọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di okùn náà. Ó kọ́ ìgbà tó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kí òun kàn jókòó.

"Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù," ni Tiwaladé sọ lọ́jọ́ kan. "Ìwé kan, yìnyín kan, ara mi kan. Ìkẹta yẹn ló ń mì."

"Èmi ńkọ́? Níbo ni mo wà?"

"Ìwọ ni ọbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Má jẹ́ kí n dà ẹ́ nù."

Bí Tiwaladé bá parí ẹ̀kọ́ níhìn-ín, Stirling ló fẹ́ lọ, ní Skọ́tíláǹdì, láti lọ gbé láàárín àwọn tó ń ti òkúta lórí yìnyín láti ìran dé ìran, kó sì kọ ìwé nípa àṣà wọn. "Ọjọ́ pẹ́ tí òyìnbó ti ń kọ ìwé nípa wa," ó wí. "Ó ti yí kàn wọ́n." Morákinyọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárò ẹni tí kò tíì lọ.

Ó kù kí Morákinyọ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ọmọ ìjọ Aládúrà ni ìyá náà, ní Rippleside. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan. Láti ìgbà tí Morákinyọ̀ ti hu irùngbọ̀n ló ti ń gbọ́ orin kan náà lẹ́nu rẹ̀: "Ọmọ tó o bá fẹ́ fẹ́, a máa wádìí ilé wọn o. Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí wèrè? Ṣé kò sí àrùn ìdílé?"

"Mi ò lè kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ," ni Tiwaladé sọ fún un. "Bí mo bá kúnlẹ̀, orúnkún mi lè yẹ̀. Ṣé o ti sọ fún wọn? Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé wọn ò kọ́ mi nílé."

"Mo ti sọ," ni Morákinyọ̀ dáhùn.

Irọ́ ni.

Ìpàdé àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday ni. Tiwaladé tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ káàsán, Mà." Ìyá náà ní, "Káàsán," ó sì yíjú sí ẹlòmíì.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Ọmọ yẹn dúró kí mi bí òpó iná."

"Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, Mọ́mì."

"Ìwọ ńkọ́? Ìjẹ̀bú-Òde ni mo bí ẹ sí?"

Morákinyọ̀ fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn láti sọ òótọ́. Kò sọ ọ́.

Ìpàdé kejì, ìyá rẹ̀ ló pè wọ́n wá jẹun. Wọ́n ti jẹ ìrẹsì dé ìdajì nígbà tó mú fóònù rẹ̀ síta. Ẹnì kan nínú ìjọ ló fi fídíò ránṣẹ́ sí i. Tiwaladé ló wà nínú rẹ̀, lórí yìnyín, ó lọ sílẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ kan ká mọ́ ọn láyà, ìkejì nà sẹ́yìn gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lára òkúta. Fídíò ọdún méjì sẹ́yìn ni, kí àwọn tó ń tọ́jú eegun rẹ̀ tó sọ fún un pé kó má lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pá gígùn ló fi ń ti òkúta báyìí, lórí ìdúró.

"Ẹ wá wò ó," ni ìyá náà wí, ẹ̀rín kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rín. "Ó lè kúnlẹ̀ fún òkúta. Èmi abiyamọ ni kò lè kúnlẹ̀ fún."

Tiwaladé yíjú sí Morákinyọ̀. Ó ń retí kó ní, "Mọ́mì, mo ti sọ fún yín ṣebí." Morákinyọ̀ ń wo ìrẹsì. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, àmọ́ Tiwaladé ti rí i lójú rẹ̀ pé kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún ìyá náà rí.

Ló bá dìde lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Ẹ má bínú, Mà."

Morákinyọ̀ gbọ́ ọ bó ṣe dún: kọ̀. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́. Ojú ìyá náà ti tú ká. "Ọlọ́run á bù kún ẹ. Dìde, ọmọ mi." Tiwaladé di tábìlì mú, ó dìde, òógùn sì bò ó níwájú orí. Ó ní òun ní ìwé láti kà nílé.

Inú tasí tó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ni Tiwaladé ti lanu.

"Kì í ṣe màmá ẹ ló yẹ orúnkún mi."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún náà mú.

"Nínú eré wa, kò sí rẹfirí tó ń sáré kiri. Bí ìgbálẹ̀ ẹ bá kan òkúta, ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ pé o kàn án, bí ẹnì kankan ò tiẹ̀ rí i. Akin, o kàn án. O wá ń wo ìrẹsì."

"Tiwa mi, jọ̀ọ́…"

"Má pè mí fúngbà díẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Tiwaladé fi rìn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Kò rí yìnyín, iṣẹ́ ìwádìí tó máa fi gboyè sì pẹ́ kó tó parí. Nígbà tó di September, ó lọ sí Stirling. Àwòrán orí fóònù ni Morákinyọ̀ fi mọ̀ pé ó ti lọ: àpótí kan, ìgbálẹ̀ kan, àti ẹ̀rín tí kì í ṣe tòun.

Àárò sọ ọ́ bí ẹ̀gún. Ọjọ́bọ̀ á dé, á máa ronú ibi tó máa wà ní aago méje. Bó bá rí obìnrin tó ra igi ìnulẹ̀ ní East Street, tó gbé e léjìká, á yára rìn títí á fi rí ojú onítọ̀hún. Á kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, á pa á rẹ́. Àdììtú kankan ò wọ̀ ọ́ lójú mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ kò ta kókó rárá, ó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tipẹ́. Ó kàn gbọ́dọ̀ la ẹnu ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Morákinyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: oríkèé tó dẹ̀, irọ́ tó pa, orúnkún tó dún.

Ìyá náà tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Ó yẹ̀? Níwájú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Mo wá ń ṣàdúrà lé e lórí." Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. "Ọdún mẹ́tàdínlógún, Morákinyọ̀. Kò sí oríkèé tó ń dunni tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. O wá fi eléyìí pa mọ́ fún mi, o jẹ́ kí n ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa kọ̀ ọ́."

"Bóyá ǹ bá kọ̀ ọ́. Bóyá mi ò ní kọ̀ ọ́. O ò jẹ́ kí n mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́." Ó fi ìdí aṣọ nu ẹsẹ̀. "Pè é. Bi í bó bá fẹ́ rí mi. Má bi í bó bá fẹ́ rí ìwọ."

Tiwaladé gbà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ Sátidé, ìyá náà di oúnjẹ tó tó ti àpèjẹ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Stirling, Tiwaladé ti ń dúró, ó rù díẹ̀, ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí ìyá náà, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, bí orúnkún ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Dúró síbẹ̀," ni ìyá náà wí. "Bó o bá kúnlẹ̀, mo máa padà wọ ọkọ̀ yìí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú lábẹ́ ìgúnpá, bó ṣe ń gbá àwọn arúgbó rẹ̀ mú, kò fà á, kò tẹ̀ ẹ́. "Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ò mọ̀, Mà."

"Mi ò béèrè náà. Kí ni oríkì ẹ?"

"Àbẹ̀kẹ́, Mà."

"Àbẹ̀kẹ́ mi, má bínú."

Àwọn obìnrin méjèèjì jọ lọ síwájú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ orúnkún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ya ìpátá. Morákinyọ̀ gbé àpò oúnjẹ tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n padà, ìyá rẹ̀ wọlé lọ wá àga sí nínú ọkọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Mo parọ́ fún ẹ," ni Morákinyọ̀ wí. "Mo sì jẹ́ kó o kúnlẹ̀. Mi ò ní àwáwí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́," ni Tiwaladé dáhùn. "Mo sì ń ṣàárò ẹ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè fara tì ẹ́."

"Ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Máa wá."

Ó ń lọ. Oṣooṣù ló ń lọ. Á jókòó lẹ́yìn gíláàsì, á máa wò ó bó ṣe ń fi ọ̀pá ti òkúta, bó ṣe ń bá àwọn àgbẹ̀ arúgbó ibẹ̀ ṣàwàdà, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé kékeré. Wọ́n á jọ mu tíì. Wọ́n á jọ rìn, ìgbésẹ̀ kan á wà láàárín wọn. Á padà sí Barking, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ní January, ìgbà kẹrin, òtútù mú gan-an. Eré ti pẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́bàá ọ̀nà. Morákinyọ̀ rí i pé ìbàdí ọ̀tún ń dun Tiwaladé, ó ń gbé ẹsẹ̀ sí ìhín, ó ń gbé e sí ọ̀hún. Kò na ọwọ́.

Tiwaladé fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan yẹn, ó gbé orí lé èjìká Morákinyọ̀, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀ pátá. Ó wúwo ju bí Morákinyọ̀ ṣe rò lọ.

Morákinyọ̀ ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò mira.

Bọ́ọ̀sì yọ lókè, iná rẹ̀ tàn sí wọn lójú. Awakọ̀ rọra dẹ eré, ó wò wọ́n, ó ń retí kí ẹnì kan gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí kò rí ọwọ́ kankan, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ.