Ẹ̀rọ Aláìṣègbè àti Ọ̀rọ̀ Kànga

Ọdún mọ́kànlá ni Ẹ̀rọ Aláìṣègbè ti ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Àkójọ Fíìmù ní Òkè-Òṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, kí ó tó ṣe ohun tó mú Ìbídùn dìde lórí àga.

Iṣẹ́ Ìbídùn ni láti kọ àlàyé ṣókí síwájú fíìmù kọ̀ọ̀kan tó bá ti ilé ayé dé. Iṣẹ́ kékeré kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sórí òṣùpá kò tẹ ilẹ̀ ayé rí. Ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́. Bó bá kọ ọ́ tán, ẹ̀rọ náà á wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, á sì yọ gbogbo ibi tó bá ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Lọ́jọ́ náà, fíìmù kan nípa ìkórìíra àwọn Júù ló délẹ̀. Ìbídùn kọ ọ́ pé: "Fíìmù yìí fi hàn bí irọ́ tí wọ́n pa mọ́ àwọn Júù, pé wọ́n da májèlé sínú kànga, ṣe yọrí sí pípa wọn. Ẹni tó bá wò ó tí kò sunkún, ẹranko ni."

Ohun tí ẹ̀rọ dá padà fún un nìyí: "Fíìmù yìí dá lórí aáwọ̀ tó wà láàárín àwọn Júù àti àwọn aládùúgbò wọn lórí ọ̀rọ̀ kànga."

Ìbídùn kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde lórí àga. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀mọ̀wé Adégòróyè, ọkùnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó tún pe Màmá Ráhẹ́lì, arúgbó Júù tó ń tọ́jú ọgbà ẹ̀fọ́ ìlú, tí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ti pa nínú àwọn baba ńlá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ni Adégòróyè wí. "Ẹ̀rọ yìí ò mọ ojúsàájú. Ẹ̀yin lẹ pe òǹwòran ní ẹranko."

"Ìyẹn tọ́," ni Ìbídùn dáhùn. "Inú ló ń bí mi nígbà tí mo kọ ọ́. Ó yọ ọ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé irọ́ kì í ṣe irọ́ mọ́ ni? Aáwọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún tòsì ni, mà."

Màmá Ráhẹ́lì kọjú sí Adégòróyè. "Ọmọ mi," ó ní, "kí ló fi ń wọn ọ̀rọ̀?"

"Ohùn ló ń kà, mà. Gbogbo àkọsílẹ̀ tó bá wà lórí ọ̀rọ̀ kan ló máa yẹ̀ wò. Iye ẹni tó bá sọ ọ́ ló fi ń mọ bó ṣe wúwo tó."

"Àwọn tí wọ́n pa ńkọ́? Ta ló ka ohùn tiwọn?"

Adégòróyè lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ó ṣí àyà rẹ̀, ó sì pe iye ohùn tó kà jáde. Àwọn tó pa irọ́ náà àti àwọn tó ń dà á kọ láti ìran dé ìran lé ní ẹgbẹ̀rún. Ní ti àwọn òkú, òdo ló kọ síbẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ẹ̀rọ yìí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọkàn ẹ̀rọ náà, tó sì pa á.

Ìbídùn dá gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ padà, ṣùgbọ́n kò dá èkejì, tó pe òǹwòran ní ẹranko, padà. Màmá Ráhẹ́lì kà á, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun."

Àlàyé tí ẹ̀rọ náà ti tún ṣe sẹ́yìn ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Wọ́n ní kí àwọn bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́. Fíìmù nípa àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú ni. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni: "Fíìmù yìí dá lórí ìrìnàjò àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí òkè òkun." Ìbídùn ló buwọ́ lù ú. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń kọ́ ọ sórí bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kankan nínú wọn kò béèrè bóyá òótọ́ ni.

 Ìbídùn kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀rọ̀ tiyín la tìtorí ẹ̀ pè yín, ẹ sì bá wa rí tiwa."