Ọdún Iṣẹ́ Méjìlélógún

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń wá Rúùtù agbẹ̀bí. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ tó léfòó lẹ́bàá Mahintedo, báàgì iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí aṣọ. Gbogbo Ayétòrò gbàdúrà títí ohùn wọn fi há.

Ọjọ́ yẹn náà ni lẹ́tà wọlé sórí fóònù Àràmídé. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Rúùtù, òun ló sì mú kó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àràmídé ti fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ìwé àjèjì wò nílùú òyìnbó, nítorí físà iṣẹ́. Èsì wọn kò gùn. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń fẹ́. Méjì péré ló ní.

Òkun ti gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyá rẹ̀ há sí. Ó bú sẹ́kún.

"Ṣé nítorí ọdún iṣẹ́ lo ṣe ń sunkún?" Kingsley, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́jọ ni Kingsley fi kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà kó tó sá kúrò. Síbẹ̀ àwọn òyìnbó kà á sí wẹ́dà ọlọ́dún mẹ́tàlá, físà rẹ̀ sì ti jáde.

"Bọ̀dá, ṣé ìwé ayédèrú ni?"

"Kò sí ayédèrú níbẹ̀. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n dán mi wò, mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Tẹ̀ lé mi lọ́la."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ilé pákó kan tó dá dúró lórí ẹrẹ̀. Tapólì dúdú bo gbogbo fèrèsé. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn: ẹja yíyan, ìtọ̀, àti ohun kan tó ń rùn bí èso tó ti rà. Eṣinṣin bo òrùlé. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀rá ń ṣàn lójú wọn.

Kọ́lájọ adáhunṣe jókòó síbi iná, ó ń lá ìka.

"Iṣẹ́ wo?"

"Nọ́ọ̀sì, bàbá."

"Ọdún mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹran há sáàárín eyín rẹ̀. "Méjìlélógún ni mo ní nílẹ̀. Jẹ ẹ́ tán."

Ó bu ọbẹ̀ sínú àwo, ó pariwo lé e lórí: "Ọdún tó sùn sínú iṣan, jí! Ọgbọ́n tó sùn sínú egungun, dìde! Ara kan ti tú, wọ ara mìíràn!"

Ọbẹ̀ náà dúdú, ó ń yọ̀ bí ikun. Àràmídé ronú kan físà. Ó dijú, ó gbé ẹnu kan mì. Lójú ẹsẹ̀, ohun tí kò kọ́ rí ya wọ orí rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń yí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ṣíwájú, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára abiyamọ. Ó tún bu ẹnu kejì. Ohun líle kan eyín rẹ̀. Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

Èékánná ni.

Ó gbójú sókè wo wáyà tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ọwọ́ èèyàn méjì wà láàárín àwọn ẹja náà, ó ti dúdú, ó ti gbẹ. Ìka àárín ọ̀kan wọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ṣẹ́ ìka yẹn nígbà tí Àràmídé wà ní pírámárì. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dì í.

"Àǹtí Rúùtù!"

"Má bì í," Kọ́lájọ sọ jẹ́ẹ́. "Ẹ ń gbàdúrà kó padà wálé. Ó ti wà nínú rẹ báyìí. Tí o bá bì í, màá bù ú padà sínú àwo, wàá sì tún un jẹ."

Kingsley ń wo ilẹ̀. "Ẹni tó bá jẹ gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíràn wá. Mo sọ fún Rúùtù pé obìnrin kan ń rọbí níbí. Kò bèèrè nǹkan kan, ó kàn gbé báàgì rẹ̀."

"Ìwọ náà á mú ẹnì kan wá," Kọ́lájọ ní. "Dókítà ló wù mí."

Àràmídé ta ìkòkò tó ń hó lórí iná nípàá. Ó dà sí Kọ́lájọ lójú. Ọkùnrin náà ké, ó fi ọwọ́ nu ojú, awọ ojú sì bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kingsley gbá Àràmídé mú. Àràmídé bì sí i lójú, ó já tapólì, ó bẹ́ sómi.

Ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Lábẹ́ ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú agbárí kan. Ó fà á yọ, ó lúwẹ̀ẹ́ títí Beauty, obìnrin kan tó ń yẹ àwọ̀n rẹ̀ wò, fi fà á wọ inú ọkọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ àwọn ará Ayétòrò ti yí ilé náà ká. Wọ́n bá Kọ́lájọ tó ń rá kiri, ojú rẹ̀ ti fọ́, eṣinṣin ń jẹ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kú. Wọ́n fa Kingsley lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n kó ìwọ̀nba tó kù lára Rúùtù sínú pósí ọmọdé, wọ́n sin ín.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà mìíràn wọlé. Àràmídé kò fi ìwé kankan ránṣẹ́ mọ́. *A ti tún ìwé yín yẹ̀ wò. Ọdún iṣẹ́ tí a gbà: méjìlélógún.*

Ìyá rẹ̀ ka lẹ́tà náà, ó kúnlẹ̀. "Olúwa, o ṣeun! Àbúrò mi ò kú lásán. Ó bẹ̀bẹ̀ fún wa lọ́run."

Àràmídé gba fóònù, ó kọ èsì: *Rúùtù Akinolúwa ló ni ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe èmi. Ẹ pa ìwé mi rẹ́.* Ó fi ránṣẹ́ lójú ìyá rẹ̀.

"Kí lo ṣe yẹn?"

Àràmídé kúnlẹ̀ tì í. "Màámi," ó ní, "mo gbé ẹnu kan mì nínú ọbẹ̀ náà."