Ẹ̀rọ Tó Wà Lórí Òrùlé Wa

"Hẹ́ẹ̀lò! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mo ní géètì yín ti ṣetán! Gé-è-tì!"

Bí bàbá mi ṣe máa ń pariwo nìyẹn, lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n á na ọrùn síta ojú fèrèsé bí adìyẹ tó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Wẹ́dà ni wọ́n. Páànù ni òrùlé wa, irin ló kún ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, nẹ́tíwọ̀kì kì í sábà wọlé. Oníbàárà á pè títí, á sú u, á gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà mìíràn lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kan wá lórí alùpùpù.

"Bàbá, ẹ sáà gbé eléyìí sórí òrùlé. Nẹ́tíwọ̀kì á máa tẹ̀ lé yín kiri inú ilé bí ọmọ ajá!"

Kò sí àmì àṣẹ ìjọba kankan lára páálí rẹ̀, a ò sì béèrè. Bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn jó irin gígùn kan mọ́ òrùlé, wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ohùn oníbàárà ń dún ketekete.

Àmọ́ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ìpè ń já. Ohùn ń fọ́. Ìyá Aránṣọ, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé tiwa àti tiwọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tépù ìwọnṣọ ń bẹ lọ́rùn wọn.

"Wẹ́dà, kí lẹ fún nẹ́tíwọ̀kì jẹ, tó fi jẹ́ pé ilé yín nìkan ló ń sùn?"

"Ọ̀rọ̀ orí ni, ìyá. Ẹ bi orí yín léèrè!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Aránṣọ já wọlé wa láìkan ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbà mí o! Ẹnu Tísà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbé mọ́! Àtìgbà tí wọ́n ti ṣubú ni mo ti ń pe ilé ìwòsàn, kò lọ!"

Tísà ni ọkọ wọn. Bàbá mi na fóònù sí wọn. Ìpè ẹyọ kan péré, nọ́ọ̀sì gbé e. Ọkọ̀ aláìsàn dé. Kí Ìyá Aránṣọ tó wọ ọkọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún bàbá mi nítorí fóònù yẹn.

Tísà ò kú. Àmọ́ dókítà ní rọpárọsẹ̀ kì í dúró de èèyàn. Ó ní ká ní wọ́n tètè gbé wọn dé ni, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yẹn ṣì máa kọ̀wé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, obìnrin kan tó dé akoto wọ àdúgbò. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló rán an, nítorí ìráhùn ti pọ̀ jù. Ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń han tìì, tìì. Bó ṣe ń sún mọ́ ilé wa ni igbe náà ń le sí i. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, kò dákẹ́ mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ta ló gbé ẹ̀rọ yẹn sórí òrùlé?"

"Èmi ni o! Ọwọ́ èmi fúnra mi. Ìjì ò lè mì í!"

"Sà, òun ló ń ba nẹ́tíwọ̀kì gbogbo àdúgbò yìí jẹ́."

"Báwo? Èyí tó ń dún bí aago lọ́dọ̀ mi!"

"Ẹ wò ó, sà. Bí ogún èèyàn bá ń bá àgbà kan sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan wá ń pariwo sí i létí, ṣé àgbà náà á gbọ́ àwọn tó kù? Òpó nẹ́tíwọ̀kì ni àgbà yẹn. Ẹ̀rọ yín ló ń pariwo sí i létí, tọ̀sán-tòru."

Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi.

"Ṣé... ìpè ìyàwó Tísà..."

Obìnrin náà ò mọ Tísà. Ó kàn ní, "Ìpè ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ni, sà."

N ò rí i rí kí bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín èérún irin.

Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n gun òrùlé, wọ́n gé irin náà lulẹ̀. Wọ́n lọ bá Ìyá Aránṣọ, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ dá ẹsẹ̀ maṣíìnì dúró. Wọ́n wo bàbá mi títí.

"Mo kúnlẹ̀ fún yín, Wẹ́dà. Mo kúnlẹ̀ fún yín."

Wọ́n padà sídìí aṣọ tí wọ́n ń rán.

Ẹ̀yin òbí àti ará, bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá dáa nílé yín, ẹ sún mọ́ fèrèsé tàbí kẹ́ ẹ bọ́ sí gbangba, pàápàá tí páànù àti irin bá yí yín ká. Ẹ pa fóònù, kẹ́ ẹ tún un tàn. Bí kò bá lọ síbẹ̀, ẹ fi ẹjọ́ sun iléeṣẹ́ tó ni láìnì yín, kẹ́ ẹ sọ àdúgbò, ọjọ́ àti aago tí ìpè já. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn wà. Ẹ gba ibẹ̀ lọ. Ẹ má ra ẹ̀rọ tó ń fa nẹ́tíwọ̀kì lọ́wọ́ oníkiri. Èyí tó ní àṣẹ wà, àmọ́ iléeṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. Bí ọ̀kan bá sì ti wà lórí òrùlé yín, ẹ fa wáyà iná rẹ̀ yọ lónìí, kẹ́ ẹ pe iléeṣẹ́ kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ò lè mọ ẹni tó ń pe nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ògiri yín báyìí.