Obìnrin Tí Kò Sí ní Ẹ̀pẹ́

Bí Oríyọmí bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jókòó. Yóò máa jó lábẹ́ tábìlì bí ẹni tí èèrà ń rìn lára. Àlọ́ àti ìṣirò ló fẹ́ràn jù láyé, kò sì sí ìbéèrè tí kì í rí ìdáhùn sí, àfi èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń bi í nílé wọn ní Lasunwon, Ìkòròdú: "Ìwọ àti Ọlọ́run ńkọ́?" Ẹ̀rín ló fi ń dá a lóhùn.

Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ìkejà ń wá prọ́dọ́ọ̀tì máníjà, ẹni tí yóò máa gbọ́ ìṣòro àwọn oníbàárà, tí yóò sì sọ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí i. Oríyọmí fẹ́ iṣẹ́ náà lójú méjèèjì. Ó mọ̀ pé wọn yóò béèrè ẹni tó ti ràn lọ́wọ́ rí. Kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ló bá fi ẹnu ara rẹ̀ dá obìnrin kan tí kò sí.

Ó sọ ọ́ ní Kúbúrá, opó tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní ẹja a máa bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, títí òun fi ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tó ń bá a wá oníbàárà.

Afọlábí ọ̀rẹ́ rẹ̀, onígbàgbọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Industrial Estate, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ló ń ṣe bí ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí ó lè múra sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ti Kúbúrá, omi lé sí i lójú. Inú Oríyọmí dùn: bí ìtàn náà bá mú Afọlábí lọ́kàn, yóò mú wọn lọ́kàn ní Ìkejà.

Ìtàn náà sì mú wọn lọ́kàn nígbà tó sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìkẹyìn.

Ṣùgbọ́n Afọlábí kò yé béèrè Kúbúrá. Ara rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Oríyọmí ní ẹsẹ̀ ń dun Kúbúrá. Irọ́ ń bí irọ́. Oríyọmí kò lè jẹun mọ́, kò sì lè dúró lójú kan.

Ní Sátidé, Afọlábí wọlé, ẹrẹ̀ ọ̀sà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ló ti ń bọ̀. Ó gbé ìrẹsì lọ kí Kúbúrá.

"Mo béèrè káàkiri ọjà ẹja. Kúbúrá mẹ́ta ni wọ́n mú wá. Ọ̀kan ní òun ní ọkọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nítorí ìrẹsì yẹn, ká jọ sọ ọ́."

Oríyọmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀.

"Yọmí, obìnrin yẹn kò sí, àbí?"

"Kò sí."

Afọlábí kò pariwo. "Mo gbààwẹ̀ fún un o. Mo ń dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run lójoojúmọ́. Ẹni tó yẹ kí n máa dárúkọ ló jókòó síwájú mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. Ó sọkún. Ó ní irú òun kò yẹ lẹ́ni tí Ọlọ́run ń wò.

"Jésù kò kú fún ẹni tí o ń ṣe bí ẹni pé o jẹ́," ni Afọlábí wí. "Ìwọ gan-an ló kú fún."

Níbẹ̀ ni wọ́n kúnlẹ̀ sí, Oríyọmí sì bẹ Jésù kó dárí jì í.

Ní Ọjọ́ Ajé, níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìkẹyìn, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ní Ìkejà rẹ́rìn-ín sí i, ó ní àwọn fẹ́ bá a lọ kí Kúbúrá. Oríyọmí lè sọ pé Kúbúrá ti kó kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ìdáhùn náà ti wà létè rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa. Kò sí Kúbúrá kankan."

Wọn kò fún un níṣẹ́ náà. Ó délé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì dáhùn ìbéèrè àtijọ́ náà láìrẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ni ẹni irọ́ tí o dá, tí ò ń rán jáde láràárọ̀ kó lọ máa jẹ́ orúkọ rẹ? Ayé lè máa yìn ín, ṣùgbọ́n kò ní ọkàn tí a lè gbà là. Ìwọ ni o ní. Má ṣe dúró dìgbà tí wọn yóò wá ẹni irọ́ náà dé ọjà kí o tó jẹ́wọ́. Lónìí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀, ronú pìwà dà, kí o sì sọ fún Jésù pé, "Èmi gan-an nìyí."